Fọ́tò Kan ní Marina Àgbádárìgì: Ta Ló Ni Í, Ta Ló Lè Lò Ó?

Àlejò tó bá dé Àgbádárìgì kì í ṣàì yà sí Marina kó ya fọ́tò ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, èyí tí àwọn míṣọ́nárì CMS kọ́ parí ní 1845. Fóònù á dún "ká", ó parí. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá yẹn, òfin ti sọ ẹni tó tẹ fóònù di ẹni tó ni fọ́tò náà. Kò forúkọ sílẹ̀ níbì kankan, kò san kọ́bọ̀, kò kọ ìkìlọ̀ kankan sí i lára. Kọpiráìtì, ìyẹn ẹ̀tọ́ ẹni tó ṣe iṣẹ́ láti sọ ẹni tó lè lò ó, ti bẹ̀rẹ̀. Nàìjíríà sì ti wọ àdéhùn Berne, àdéhùn àárín àwọn orílẹ̀-èdè lórí kọpiráìtì, láti 1993, nítorí náà ẹ̀tọ́ ọ̀hún á bá fọ́tò náà sọdá bọ́dà Sẹ̀mẹ̀ dé Kútọnu láìsí ìwé ìrìnnà.

Fọ́tò nìkan ló ni o, kò ni ilé. Ẹlòmíràn lè dúró síbi tó dúró sí gan-an kó ya tirẹ̀. Kò sì sẹ́ni tó ni òtítọ́ pé ọdún 1845 ni wọ́n parí ilé náà, tàbí ìtàn bí wọ́n ṣe ń kó ẹrú gba erékùṣù Gbẹrẹfu kọjá. Ohun tí òfin ń dáàbò bò ni ọ̀nà tí ẹnì kan gbà sọ ọ́, ìyẹn sì di ìgbà tó bá ti kọ ọ́ sílẹ̀ tàbí tí wọ́n gbà á sínú rẹ́kọ́dà. Ìtàn tí afinimọ̀nà fẹnu lásán sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lábẹ́ igi ti bá afẹ́fẹ́ lọ lójú òfin.

Ẹ̀tọ́ náà ní òpin. Lábẹ́ Òfin Kọpiráìtì ti 2022, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní oṣù kẹta 2023, ti fọ́tò jẹ́ 50 ọdún lẹ́yìn ìparí ọdún tó kọ́kọ́ jáde. Ti ìwé jẹ́ gbogbo ìgbà ayé òǹkọ̀wé, àti 70 ọdún lé e lẹ́yìn ìparí ọdún tó kú. Ẹ wo Samuel Ajayi Crowther, tó gbé Àgbádárìgì kó tó kọrí sí Abẹ́òkúta ní 1846. Ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1891 gan-an ló kú. Bí a bá fi òfin òní ṣe ìṣirò rẹ̀, ìparí 1961 ni ẹ̀tọ́ orí ìwé rẹ̀ tán. Ohun tó kọ ti di ti gbogbo ayé: ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ tà á, ẹ kọ ọ́ lórin. Àmọ́ bí onímọ̀ òde òní bá tún un tẹ̀, tó fi ọ̀rọ̀ ìṣáájú àti àlàyé tirẹ̀ sí i, àlàyé yẹn ní olówó tuntun.

Wàyí o, ká ní tíṣà kan ní Àgbádárìgì fẹ́ ṣe ìwé pẹlẹbẹ nípa ìlú náà, tó sì rí fọ́tò ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó wù ú. "Orí Google ni mo ti rí i" kì í ṣe àṣẹ. Google júwe ọ̀nà ni. Ẹni tó júwe ọ̀nà ọjà kọ́ ló ni igbá ẹja. Òfin fàyè gba ìlò díẹ̀ tó bójú mu, bíi fún ìwádìí, ìkẹ́kọ̀ọ́ ara ẹni tàbí lámèyítọ́, ṣùgbọ́n títẹ ẹgbẹ̀rún ẹ̀dà fún títà jìnnà sí ìyẹn. Tíṣà gbọ́dọ̀ wá ẹni tó ni fọ́tò. Bí nọ́ńbà rẹ̀ kò bá lọ ńkọ́? Ibi tí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ rere ń kú sí nìyẹn.

Láísẹ́ǹsì ìyọ̀ǹda ni wọ́n fi tún ibẹ̀ ṣe. Ẹni tó ni nǹkan kò yááfì rẹ̀. Ó kàn fún gbogbo ayé láṣẹ ṣáájú kí wọ́n tó béèrè. Àjọ Creative Commons, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 2001, ló gbé èyí tó gbajúmọ̀ jù jáde ní oṣù kejìlá 2002. Lẹ́tà ni wọ́n fi ń dá a mọ̀. BY: dárúkọ mi. SA: bí o bá yí i padà, abẹ́ irú láísẹ́ǹsì yìí kan náà ni kó o ti gbé e jáde. NC: má fi pawó. ND: má yí i padà.

NC ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Ọ̀pọ̀ ń mú un nítorí ìbẹ̀rù pé ilé iṣẹ́ ńlá á fi iṣẹ́ wọn jẹun. Àmọ́ ẹni tí NC kọ́kọ́ ń dí lọ́nà ni atẹ̀wé kékeré tó ń ta kàlẹ́ńdà, àti tíṣà wa yìí tó fẹ́ gba owó bébà padà. Wikimedia Commons, níbi tí Wikipedia èdè Yorùbá ti ń mú fọ́tò, kì í gba NC tàbí ND rárá.

Dídárúkọ náà ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é: orúkọ ẹni tó ya á, ibi tí wọ́n ti mú un, irú láísẹ́ǹsì rẹ̀, àti bóyá wọ́n ti yí i padà. "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Google" kò tó. Ẹni tó bá kọ̀ láti dárúkọ ti pàdánù àṣẹ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n nínú ẹ̀dà 4.0 ti láísẹ́ǹsì Creative Commons, àṣẹ á padà bó bá tún un ṣe láàárín 30 ọjọ́ tó mọ àṣìṣe rẹ̀. Ẹni tó ni fọ́tò pàápàá kò lè jí lọ́la kó gba àṣẹ padà lọ́wọ́ ẹni tó ń pa òfin rẹ̀ mọ́.

Láísẹ́ǹsì kò sì lè kọjá ohun tí olúwarẹ̀ ní. Ẹni tó mú fọ́tò ẹlòmíràn, tó lẹ CC BY (láísẹ́ǹsì BY ti Creative Commons) mọ́ ọn, kò fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Bí ojú ìyá kan tó ń kiri bá hàn gedegbe nínú fọ́tò, ọ̀rọ̀ àṣírí ìyá yẹn ṣì wà lọ́tọ̀. Bó bá jẹ́ Zangbeto, eégún aṣọ́de àwọn Ègùn, ni wọ́n yà, òfin 2022 tún ní apá kan tó ń dáàbò bo iṣẹ́ àbáláyé lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ fi ṣòwò láìgbàṣẹ.

Ní ti ìwé tíṣà, bó bá rí fọ́tò tó jẹ́ BY-SA, tó sì fi sínú ìwé bó ṣe wà, ọ̀rọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ kọ kò di BY-SA nítorí ìyẹn. Bó bá fi fọ́tò náà ya àwòrán tuntun, àwòrán yẹn nìkan ni SA mú.