Kí ni fusion, kí ló sì kan ọkọ̀ ojú sánmà?

Páńẹ́ẹ̀lì sòlá tó ń gbé fíríìjì ṣọ́ọ̀bù kan ní Lágere, Ilé-Ifẹ̀, bí ẹ bá gbé e dé ẹ̀bá Júpítà, ìmọ́lẹ̀ oòrùn tí yóò máa rí gbà níbẹ̀ kò ní tó ìdá kan nínú 25 èyí tó ń rí gbà nílé. Fíríìjì á dákẹ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ro ìrìn-àjò ọ̀nà jíjìn lójú sánmà kò fi yé dárúkọ fusion, ọ̀nà kan láti fa agbára jáde látinú átọ́ọ̀mù.

Ọ̀pọ̀ ló ń kó o pọ̀ mọ́ iná átọ́ọ̀mù tó ti wà káàkiri ayé. Níbi ìyẹn, kókó (àárín gan-an) átọ́ọ̀mù ńlá bíi ti yuréníọ̀mù ni wọ́n ń fọ́ sí méjì. Ní ti fusion, kókó kéékèèké ni wọ́n ń pa pọ̀ di ọ̀kan, agbára ńlá á sì tú jáde. Ohun tó ń mú oòrùn ràn nìyẹn. Ṣùgbọ́n irú iná ẹ̀lẹ́kítíríìkì (charge) kan náà ló wà lára kókó méjèèjì, wọ́n máa ń ti ara wọn ni. Àfi kí ooru tó nǹkan bíi dígírì mílíọ̀nù 100 kí wọ́n tó lè kọlu ara wọn. Kò sí irin tó lè gbà á mọ́ra, nítorí náà mágínẹ́ẹ̀tì ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ fi ń há ohun gbígbóná náà sí àárín.

Nínú ọkọ̀, fusion yóò pèsè iná, yóò sì tún ti ọkọ̀ síwájú. Èyí kejì ló dùn mọ́ mi jù. Bíi bàlúù ọmọdé tí a fẹ́ tí a kò so lẹ́nu ni rọ́kẹ́ẹ̀tì rí: ohun kan ń gba ẹ̀yìn tú, òun ń sá síwájú. Bí ohun náà bá ṣe ń yára jáde tó ni epo ṣe máa pẹ́ tó. Ohun tó ń tú jáde lẹ́yìn rọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń jó háídírójìn àti ọ́síjìn kò yára ju nǹkan bíi kìlómítà 4.5 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ. Lórí ìwé, fusion lè jù ú lọ nílọ́po-nílọ́po.

Epo tó rọrùn jù láti dáná sí ni deuterium pẹ̀lú tritium, oríṣi háídírójìn méjì tó wúwo, àmọ́ neutron, ọ̀kan nínú àwọn ègé kéékèèké inú kókó átọ́ọ̀mù, ló ń gbé ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún agbára rẹ̀ lọ. Neutron kò ní iná lára, mágínẹ́ẹ̀tì kò lè darí rẹ̀. Bí a bá lo deuterium àti helium-3 (oríṣi gáàsì helium tó fúyẹ́), proton, ègé mìíràn inú kókó átọ́ọ̀mù, àti helium ló ń jáde. Àwọn méjèèjì ní iná lára, a lè kọjú wọn sẹ́yìn ọkọ̀. Ẹ̀rọ ńlá tó wà ní CERD, ibùdó ìwádìí nípa agbára nínú ọgbà yunifásítì OAU ní Ilé-Ifẹ̀, kì í ṣe ti fusion, ṣùgbọ́n irú àwọn ohun tó ní iná lára yìí náà ló ń mú sáré. Helium-3 ṣọ̀wọ́n láyé yìí o, ooru tó sì fẹ́ tún ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ní oṣù Kejìlá 2022, NIF, ibùdó ìwádìí fusion kan ní California, fi lésà rán agbára tó tó mégájúùlù (òṣùwọ̀n agbára) 2.05 sí epo, 3.15 sì jáde. Ìròyìn ayọ̀ ni lóòótọ́, àmọ́ nǹkan bíi 300 ni àwọn lésà náà fà látinú wáyà iná, ilé náà fúnra rẹ̀ sì tó pápá bọ́ọ̀lù mẹ́ta. Ta ni yóò gbé ìyẹn fò? Bó tilẹ̀ fúyẹ́, afẹ́fẹ́ kò sí lókè lọ́hùn-ún tí yóò tu ẹ̀rọ lára. Àfi kí ọkọ̀ na ìyẹ́ ńláńlá síta láti máa tú ooru dànù, ìyẹ́ wọ̀nyẹn náà sì wúwo.