Parameterization: bí kọ̀ǹpútà ṣe ń fojú dá òjò

Òjò lè máa rọ̀ kíkankíkan ní Ìkòròdú kí ẹni tó ń sá ẹja ní Ẹ̀pẹ́ má rí ẹ̀kán kan. Àwa kúkú mọ̀ pé òjò ò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa. Kọ̀ǹpútà tó ń ṣírò bí ojú ọjọ́ gbogbo ayé yóò ṣe rí fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ò rí i bẹ́ẹ̀.

Ṣe ló pín ojú ayé sí àpótí àpótí, tí ẹ̀gbẹ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn tó nǹkan bíi kìlómítà 100. Tí a bá fa okùn gbọọrọ láti Ìkòròdú dé Ẹ̀pẹ́, bíi kìlómítà 50 ni. Àpótí kan lè gbé ìlú méjèèjì mì, tọ̀sà tọ̀sà. Àwọsánmà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ni kò tó kìlómítà 1. Bí ẹja wẹ́wẹ́ ṣe ń yọ́ lójú àwọ̀n ńlá ni wọ́n ṣe ń yọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Nítorí náà, àwọn onímọ̀ a kọ òfin fún un: bí ooru àti ọ̀rinrin inú àpótí bá ti tó báyìí, kí o gbà pé àwọsánmà bo ìwọ̀n báyìí, kí òjò tó báyìí sì rọ̀. Ìfojúdá yìí ni parameterization. Kì í ṣe ìtànjẹ o. Alásè tó mọṣẹ́ náà kì í ka hóró ìrẹsì.

Ṣùgbọ́n ó máa ń tàsé. Òjò wínníwínní inú kọ̀ǹpútà ti pọ̀ jù, ọ̀wààrà rẹ̀ ò tó. Lórí ilẹ̀ olóoru, ó sábà máa ń rọ̀jò lọ́sàn-án gangan, nígbà tó jẹ́ pé ìrọ̀lẹ́ ni ọ̀pọ̀ òjò gidi ń dé. Èyí tó tún le jù: àwọsánmà ìsàlẹ̀ tó nípọn ń dá ìtànṣán oòrùn padà, ti òkè tó fẹ́lẹ́ ń sé ooru mọ́lẹ̀ bí aṣọ ìbora, ó sì ṣòro fún kọ̀ǹpútà láti mọ èyí tó máa borí. Lọ́dún 1979, ìgbìmọ̀ tí Jule Charney, onímọ̀ ojú ọjọ́ ará Amẹ́ríkà, darí sọ pé bí afẹ́fẹ́ carbon dioxide bá di ìlọ́po méjì, ayé yóò fi ìwọ̀n Celsius 1.5 sí 4.5 gbóná sí i. Ìròyìn IPCC, ìgbìmọ̀ àjọ UN lórí ìyípadà ojú ọjọ́, ti 2021 ṣì fi í sí 2.5 sí 4. Àwọsánmà ló ń da ìṣirò náà rú jù.

Àwọn kan ń sọ àpótí di kìlómítà 3 tàbí 4. Owó ńlá ni: bí a bá gé ẹ̀gbẹ́ àpótí sí ìdajì, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà di bí ìlọ́po 8. Síbẹ̀, òjò alárá wa tó ń ti ìlà-oòrùn wá, tó ń kan Ẹ̀pẹ́ kó tó kan Ìkòròdú, kó tó forí lé Àgbádárìgì, àpótí kékeré lè tọpa rẹ̀. Àpótí ńlá ò tilẹ̀ rí i pé ó ń rìn.