Multipass cavity: bí ìmọ́lẹ̀ lésà kan ṣe ń kún àyè gbogbo

Ẹni tó bá ti jókòó sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ rí ní Yábàá, tí jígí wà níwájú, tí òmíràn wà lẹ́yìn, á ti rí i bí orí rẹ̀ ṣe tò tẹ̀ léra lọ rẹrẹ. Bí wọ́n ṣe ń jìnnà ni wọ́n ń ṣú. Ìmọ́lẹ̀ kan náà ló ń lọ tó ń bọ̀ láàárín jígí méjèèjì, gbogbo ìgbà tó bá sì kan jígí ni díẹ̀ ń ṣòfò nínú rẹ̀.

Àwọn onímọ̀ fíṣíìsì ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe irú rẹ̀. Wọ́n á dojú jígí méjì kọra, wọ́n á lu ihò tín-ín-rín sára ọ̀kan, wọ́n á gba ibẹ̀ ta ìmọ́lẹ̀ lésà wọlé. Òun ni multipass cavity.

Kí ló dé tí wọn ò kàn wá lésà tó lágbára jù? Ohun tí wọ́n fẹ́ tan ìmọ́lẹ̀ náà sí lè má dúró sójú kan. Ní ilé ìwádìí PSI ní Switzerland, wọ́n fi múọ́ọ̀nù díwọ̀n bí prótọ́ọ̀nù, èérún tó wà láàárín átọ́ọ̀mù, ṣe tóbi tó, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2010. Múọ́ọ̀nù dà bí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, àmọ́ ó wúwo jù ú lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 200. Ibi tó bá bọ́ sí nínú gáàsì háídírójìn ló ń dúró sí, ẹnikẹ́ni ò lè sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kóra jọ sójú kan, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn múọ́ọ̀nù ló máa fò dá. Ìmọ́lẹ̀ tí jígí wọn tàn ká ló jẹ́ kí wọ́n rí i pé prótọ́ọ̀nù fi bí ìdá 4 nínú 100 kéré sí iye tí wọ́n gbà tẹ́lẹ̀. Awuyewuye tó tẹ̀ lé e kò tán bọ̀rọ̀.

Jígí pẹrẹsẹ kò dára fún iṣẹ́ yìí, ìmọ́lẹ̀ á rọra yọ́ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n ní láti tẹ̀ ẹ́ kó lè máa dá a padà sí àárín. Ihò náà ò sì gbọ́dọ̀ tóbi, torí ibi tí ìmọ́lẹ̀ gbà wọlé ló lè gbà jáde.

Ṣùgbọ́n dídán jígí gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin tó ń kọ́ fíṣíìsì ní Akọka fara balẹ̀ wò. Jígí tó ń dá ìdá 90 nínú 100 padà, lẹ́yìn ìgbà 10, ìmọ́lẹ̀ ti kù sí bí ìdá 35. Tó bá jẹ́ ìdá 99 ló ń dá padà, ó tó nǹkan bí ìgbà 100 kó tó kù bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ 99.9, ó di 1,000. Ìdí nìyí tí mímú jígí mọ́ fi jẹ́ iṣẹ́ ńlá, pàápàá ní Èkó tiwa, tí iyọ̀ òkun àti èéfín jẹnẹrétọ̀ wà nínú afẹ́fẹ́. Bí ìdọ̀tí bá gba 0.1 péré sí i lára 99.9 yẹn, ìgbà 1,000 ti di 500.