Bí Owó Ṣe Ń Há Sínú Oko Tíìkì Lókè Òkun

Ní Brazil, Costa Rica àti Panama, níbi tí wọ́n ti ń gbin igi tíìkì fún títà, ó sábà máa ń tó nǹkan bí ogún ọdún sí ọdún márùndínlọ́gbọ̀n kí igi náà tó gbó tó gígé. Ẹni tó wà ní London tàbí Amsterdam, tó ra ìpín nínú oko bẹ́ẹ̀, ti san owó rẹ̀ pé láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ibẹ̀ gan-an ni ewu òwò náà wà: ẹni tó tà á ti gba owó tirẹ̀ sápò, ṣùgbọ́n ó di nǹkan bí ogún ọdún kí ẹni tó rà á tó mọ̀ bóyá òótọ́ ni wọ́n bá òun sọ.

Ilé iṣẹ́ tó ń ta ìpín bẹ́ẹ̀ yóò ra ilẹ̀ tàbí kó háyà rẹ̀, yóò gbin igi sí i, yóò sì pín in ní wẹ́wẹ́ fún àwọn olówó. Bí ìwé ìpolówó rẹ̀ bá ṣèlérí èrè ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dọọdún fún ogún ọdún, ohun tó ń sọ ni pé 1,000 pọ́n-ùn yóò di nǹkan bí 9,600 pọ́n-ùn, bí ẹni pé òjò, ilẹ̀ àti ọjà ti jọ bá a ṣàdéhùn.

Ẹni tó ń ra gẹdú kì í ka iye igi, sísanra rẹ̀ ló ń wò. Yóò fi téèpù yí ìtì igi ká, yóò wá wo ojú ibi tí wọ́n ti gé e, nítorí àárín igi tó pọ́n bí oyin, tí òróró inú rẹ̀ kì í jẹ́ kí ikán àti omi tètè bà á jẹ́, ni òun ń wá. Apá funfun tó yí i ká kò níye lórí tó bẹ́ẹ̀. Lára igi tí kò tíì gbó, funfun yìí ló pọ̀ jù. Ìdí nìyẹn tí àwọn igi tí wọ́n ń yọ kúrò láàárín oko ní nǹkan bí ọdún karùn-ún tàbí ìkẹwàá, kí àwọn tó kù lè ráyè sanra, kì í fi í mú owó ńlá wọlé. Bí ilé iṣẹ́ náà bá sì kógbá wọlé kó tó yọ wọ́n, gbogbo oko náà ni yóò rí tín-ín-rín.

Iná, ìjì àti pàṣípààrọ̀ owó tún wà ńbẹ̀, kò sì rọrùn láti rí ẹni tí yóò ra ìpín náà kí igi tó gbó.

Ti ìwé ilẹ̀ tún lágbára ju ìwọ̀nyí lọ. Ní ìpínlẹ̀ Pará ní Brazil, ayédèrú ìwé ilẹ̀ wọ́pọ̀ débi pé àṣà náà ní orúkọ, grilagem, èyí tí wọ́n fà yọ láti ara ìrẹ̀, kòkòrò tí wọ́n ní àwọn oníjìbìtì máa ń kó mọ́ ìwé tuntun nínú àpótí kí ìwé náà lè pọ́n bí ti àtijọ́. Agbẹjọ́rò tí olówó fúnra rẹ̀ bẹ̀ lọ́wẹ̀ ló yẹ kó lọ yẹ ilẹ̀ wò níbi tí wọ́n ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ tó ń tà á.

Ní 2022, ilé ẹjọ́ kan ní London rán àwọn méjì tó ni ilé iṣẹ́ Global Forestry Investments lọ sẹ́wọ̀n ọdún 11 ẹnì kọ̀ọ̀kan, nítorí nǹkan bí mílíọ̀nù 37 pọ́n-ùn tí wọ́n fi oko tíìkì ní Brazil gbà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn tó tó 2,000. Láti 2010 ni wọ́n ti ń gbowó. Ká tiẹ̀ ní wọ́n gbin igi lọ́dún náà, kò tíì tó gé lọ́jọ́ tí adájọ́ dá ẹjọ́ wọn.