Nígbà Tí Ìbẹ̀rù Bá Dá Oníkọ́ Fée Jókòó

Ìbéèrè kan wà tí mo máa ń bi ẹni tí ó ní ikọ́ fée (asthma) nígbà tí ó bá kọ́kọ́ wá sọ́dọ̀ mi fún ìtọ́jú fisiotẹ́rápì, ìyẹn ìtọ́jú tí a ń fi ìdárayá ṣe: kí ni ẹ ti ṣíwọ́ ṣíṣe láti ìgbà tí àìsàn yìí ti bẹ̀rẹ̀? Ìdáhùn rẹ̀ kì í tètè tán. Wọn kì í gun àtẹ̀gùn mọ́, wọn kì í bá ọmọ sáré, wọn kì í gbé ẹrù, wọn kì í sì í yára rìn kódà bí wọ́n bá ti pẹ́ síbi tí wọ́n ń lọ. Bí mo bá wá béèrè pé èwo nínú nǹkan wọ̀nyí ni ó fa ìkọlù àìsàn rí, ẹyọ kan ni wọ́n sábà máa ń rántí, àwọn mìíràn kò sì rántí ọ̀kankan. Ìbẹ̀rù ni ó gba ìyókù lọ́wọ́ wọn.

Ìbẹ̀rù yìí kì í ṣe ìwà ọ̀lẹ rárá, ó sì máa ń dùn mí bí mo bá gbọ́ tí àwọn ará ilé ń pè é bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ti jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì lóru rí, tí ó ń wá èémí tí kò rí, kò lè gbàgbé òru ọjọ́ náà bọ̀rọ̀. Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá. Kinesiophobia ni àwa oníṣẹ́ ìlera ń pe ìbẹ̀rù láti mira. Láti nǹkan bí ọdún 1990 ni ọ̀rọ̀ náà ti wọ inú ìwé ìṣègùn, nípa àwọn tí ara ń ro fún ìgbà pípẹ́ tí wọ́n sì rò pé bí àwọn bá mira, àwọn yóò ṣèṣe. Lẹ́yìn náà ni a wá rí i pé ìbẹ̀rù kan náà ni ó ń dá àwọn tí èémí ń há fún jókòó.

Bí a bá jókòó jẹ́ẹ́, imú ni a fi ń mí, imú a sì máa mú kí afẹ́fẹ́ lọ́ wọ́ọ́rọ́ kí ó sì rin kí ó tó dé ẹ̀dọ̀fóró. Bí iṣẹ́ bá wá le, imú nìkan kò tó mọ́. A ó ya ẹnu, afẹ́fẹ́ púpọ̀ tí ó gbẹ tí ó sì tutù yóò máa wọlé kíákíá, ara ògiri ọ̀nà èémí ni a ó sì ti máa fa omi tí yóò fi rin. Nínú ẹni tí ọ̀nà èémí rẹ̀ ti wú nítorí ikọ́ fée, gbígbẹ yìí a máa ta àwọn sẹ́ẹ̀lì kan jí, wọn a sì tú èròjà bíi histamine àti leukotriene jáde, èyí tí ń mú kí iṣan tí ó yí ọ̀nà èémí ká sún kì. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé ìsúnkì náà kì í sábà dójú ẹ̀ nígbà tí ènìyàn ṣì ń sáré. Lẹ́yìn tí ó bá ti dúró ni, láàárín ìṣẹ́jú 5 sí 15, ni ó máa ń le jù, ó sì sábà máa ń rọlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú 30 sí 90.

Àkókò tí nǹkan bẹ̀rẹ̀ yìí ni mo fẹ́ kí ẹ máa kíyè sí, nítorí òun ni a fi ń mọ ìyàtọ̀. Mímí hẹlẹhẹlẹ tí iṣẹ́ fà a máa bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ náà, èémí a máa wọlé a sì máa jáde láìsí ìdíwọ́, yóò sì máa rọlẹ̀ ní ìṣẹ́jú díẹ̀ tí a bá ti sinmi. Ti ikọ́ fée a máa le sí i lẹ́yìn tí a bá dúró, àyà a fún mọ́ra, a ó máa gbọ́ ohùn bíi fèrè nígbà tí èémí bá ń jáde, ikọ́ gbígbẹ a sì máa bá a rìn. Gbogbo ènìyàn tí ó bá gun àtẹ̀gùn gíga ni ó ń rí ti àkọ́kọ́, yálà ó ní àìsàn tàbí kò ní.

Nítorí pé àlàyé ẹnu kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣẹ́gun ìbẹ̀rù, mo máa ń lo ẹ̀rọ kékeré tí a ń fẹ́ èémí sí, èyí tí ń fi nọ́mbà hàn wá bí èémí ṣe ń yára jáde tó. Ẹni náà yóò fẹ́ ẹ kí ó tó gun àtẹ̀gùn, yóò fẹ́ ẹ ní kété tí ó bá sọ̀ kalẹ̀, yóò sì tún fẹ́ ẹ lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10. Ọkàn rẹ̀ lè máa lù kìkìkì, òógùn lè bò ó, kí ojú rẹ̀ sì kún fún ìpayà, síbẹ̀ kí nọ́mbà náà má yẹ̀ rárá. N kò tíì rí ọ̀rọ̀ ìtùnú tí ó ń ṣe ohun tí nọ́mbà yẹn ń ṣe. Bí ó bá sì já wálẹ̀ gan-an, a ti mọ̀ nìyẹn pé ìbẹ̀rù náà ní ìdí, àti pé ó yẹ kí dókítà tún ìtọ́jú rẹ̀ wò.

Apá ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti burú jù ni ohun tí jíjókòó fúnra rẹ̀ ń fà. Iṣan tí a kò lò kì í lè lo ọ́síjìn dáadáa mọ́. Iṣẹ́ díẹ̀ ni yóò ti mú un tú ásíìdì jáde, ara yóò sì ní láti mí púpọ̀ sí i kí ó tó lè bójú tó o. Àtẹ̀gùn kan náà tí kò ju èémí díẹ̀ lọ lọ́dún tó kọjá yóò wá di ohun tí ń mú ènìyàn mí hẹlẹhẹlẹ. Ìpayà tún wà níbẹ̀, tí òun náà ń mú kí èémí yára. Ẹni náà yóò gbà pé ikọ́ fée òun ni ó ń le sí i, yóò tún dín ìrìn kù, nígbà tí ó jẹ́ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ni agbára ti tán nínú wọn.

Àkójọ ìwádìí 21 tí àjọ Cochrane, tí ń ṣàyẹ̀wò ìwádìí ìṣègùn, gbé jáde ní ọdún 2013, tí àwọn ènìyàn 772 kópa nínú wọn, fi hàn pé ìdárayá déédéé a máa fi kún agbára oníkọ́ fée, ara wọn sì gbà á dáadáa. Nínú àwọn eléré ìdárayá 597 tí Amẹ́ríkà kó lọ sí ìdíje Òlíńpíìkì ti Los Angeles ní ọdún 1984, 67 ni ọ̀nà èémí wọn máa ń sún kì bí wọ́n bá ṣeré, àwọn 67 yìí sì gba àmì ẹ̀yẹ 41. Paula Radcliffe, obìnrin eléré sísá ará Britain, jẹ́ ẹni ọdún 14 nígbà tí a rí i pé ó ní ikọ́ fée. Ní ọdún 2003 ó sá eré Máratọ́ọ̀nù ti London ní wákàtí 2, ìṣẹ́jú 15 àti ìṣẹ́jú àáyá 25, kò sì sí obìnrin tí ó borí àkókò yẹn títí di ọdún 2019. N kò ní kí ẹnikẹ́ni lọ bá a sáré. Mo kàn fẹ́ kí ẹ rí i pé àìsàn náà kọ́ ni ó fi ààlà sí ibi tí ẹ dúró sí yẹn.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ikọ́ fée náà gbọ́dọ̀ wà ní ìkáwọ́. Bí ẹ bá ń lo ínhélà atura, èyí tí ń tú ọ̀nà èémí sílẹ̀ kíákíá, ju ẹ̀ẹ̀méjì lọ lọ́sẹ̀, tàbí tí ikọ́ ń jí yín lóru, ọ̀dọ̀ dókítà ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Láti ọdún 2019 ni àjọ GINA, tí ń gbé ìlànà ìtọ́jú àìsàn yìí jáde fún gbogbo àgbáyé, ti sọ pé kò yẹ kí àgbàlagbà máa lo ínhélà atura nìkan láìsí èyí tí ó ní oògùn corticosteroid tí ń dín wíwú ọ̀nà èémí kù. Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí pé mo ń bá àwọn tí wọ́n pa ínhélà ìdènà, ìyẹn èyí tí ó ní corticosteroid náà, tì pàdé lójoojúmọ́, nítorí pé wọn kì í rí ipa rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ìrìn ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ rọra rìn fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 kí ara lè gbóná, kí ẹ sì wá yára títí èémí yóò fi yá díẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹ ṣì lè sọ gbólóhùn kan tán láìdúró mí. Ìṣẹ́jú 5 irú ìrìn bẹ́ẹ̀ tó fún ọjọ́ àkọ́kọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn ó kéré tán ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ fún àgbàlagbà, ẹ ó máa fi díẹ̀díẹ̀ sún mọ́ ọn. Bí dókítà bá ti ní kí ẹ fa ínhélà kí ẹ tó ṣeré, ẹ fà á ní ìṣẹ́jú 10 sí 15 ṣáájú. Ẹ sá fún èéfín àti eruku, kí ẹ sì fi aṣọ bo imú àti ẹnu bí afẹ́fẹ́ bá tutù tí ó sì gbẹ.

Bí àmì ikọ́ fée bá yọ, ẹ dúró, ẹ jókòó ṣánṣán, ẹ má ṣe dùbúlẹ̀, kí ẹ sì lo ínhélà atura bí a ti kọ́ yín. Bí kò bá ṣiṣẹ́, bí ẹ kò bá lè sọ gbólóhùn kan tán, tàbí tí ètè bá ń yí padà di àwọ̀ aró, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé yín lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ní ti àwọn ọmọdé, ìbẹ̀rù òbí ni ó sábà máa ń ṣáájú tiwọn. Ìwé tí ń sọ pé kí ọmọ má bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré kọ́ ni ó yẹ kí ó dé ọwọ́ olùkọ́, bí kò ṣe ìwé tí ó ṣàlàyé bí ọmọ náà yóò ṣe mú ara gbóná kí ó tó sáré, àwọn àmì tí a ó máa wò lára rẹ̀ nígbà tí eré bá parí, àti pé ọwọ́ ọmọ náà tàbí orí pápá ni ínhélà gbọ́dọ̀ wà, kì í ṣe inú kọ́bọ́ọ̀dù tí a ti tì pa ní ọ́fíìsì.