Bọ́tìnnì tí kò bára wọn gbélé, tó kú lọ́jọ́ kan náà

Bí lẹ́tà kan ṣoṣo bá dákẹ́ lórí kíbọọ̀dù laptop, ọ̀rọ̀ náà kò le: ìdọ̀tí ti há sábẹ́ rẹ̀, tàbí rọ́bà kékeré tó ń tì í padà sókè ti ya. Èyí tó ń rú àwọn èèyàn lójú ni kí bọ́tìnnì mẹ́fà kú lẹ́ẹ̀kan náà, kí ọ̀kan wà lápá òsì, kí òmíràn wà lápá ọ̀tún. Wọ́n á ní fáírọ́ọ̀sì ni, wọ́n á pa gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀rọ rẹ́, wọ́n á tún Windows gbé sí i. Àṣedànù gbáà ni.

Bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan kò ní wáyà tirẹ̀. Ọ̀rá tín-ín-rín mẹ́ta ló sábà máa ń wà léra wọn lábẹ́ kíbọọ̀dù. Wọ́n tẹ ìlà tó ń gbé iná sára ti òkè àti ti ìsàlẹ̀. Ti àárín ni wọ́n lu ihò sí, kí méjèèjì má baà kanra àfi níbi téèyàn bá tẹ̀. Ìlà kan lọ ní ìbú, èkejì lọ ní òró, bí òwú inú aṣọ híhun. Bí ìlà 8 bá dábùú ìlà 16, oríta 128 nìyẹn, ó sì ju iye bọ́tìnnì inú laptop lọ. Ìlà 24 péré! Chip kan ló ń gba ọ̀nà kan bọ́ sí òmíràn bí ọdẹ òru, àìmọye ìgbà láàárín ìṣẹ́jú kan, tó ń wo oríta tó ti pàdé.

Ṣùgbọ́n tí òwú kan bá já, gbogbo ibi tó gbà kọjá ló kàn. Ìlà náà kì í sì í lọ tààrà, ó ń wọ́ kiri ni, ìyẹn ni àwọn tí kò bára wọn gbélé ṣe ń bára wọn kú. Tíì onísúgà mọ iṣẹ́ yìí ṣe dáadáa: kíbọọ̀dù lè gbẹ, kó máa ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan, kí ìlà tó dípẹtà já.

Nítorí náà, kọ orúkọ gbogbo bọ́tìnnì tó kú sílẹ̀. Wọ inú BIOS, ìyẹn ojú ewé ètò tó máa ń ṣí kí Windows tó bẹ̀rẹ̀, kí o tẹ èyí tó bá níṣẹ́ níbẹ̀ lára àwọn bọ́tìnnì tó kú náà. Bí wọ́n bá dáhùn níbẹ̀ tí wọn kò dáhùn nínú Windows, nígbà náà ni kí o tó fura sí sọ́fítíwia. Bó bá jẹ́ ìlà kan ló kú, ó lè jẹ́ okùn pẹlẹbẹ tó so kíbọọ̀dù mọ́ bọ́ọ̀dù ńlá ló yẹ̀. Yọ bátìrì kúrò lẹ́nu iná, gbé ìdè kékeré tó di okùn náà mú sókè pẹ̀lú èékánná, ti okùn wọlé kó dọ́gba, kí o dè é padà. Má fipá gbé ìdè yẹn o, ike ẹlẹgẹ́ ni.

Bí wáráńtì bá ṣì wà, fi ṣíṣí laptop náà sílẹ̀ fún ilé iṣẹ́ tó fún ọ ní wáráńtì náà. Má sì parọ́ pé omi kò kàn án: nínú ọ̀pọ̀ laptop, bébà funfun kékeré kan wà tó ń di pupa bí omi bá tọ́ ọ, wáráńtì lásán kì í sì í sábà gba ti omi. Ohun tó burú nínú ètò yìí ni pé ilé iṣẹ́ púpọ̀ ti yọ́ ike fi kan kíbọọ̀dù mọ́ ìdérí òkè. Ó dẹrùn fún ẹni tó ń tò ó, ìyà ni fún ẹni tó ń tún un ṣe. Nínú MacBook Pro tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ bátìrì mọ́ ìdérí yẹn, ìlà kan ló já, bátìrì tí kò ṣe nǹkan kan náà á bá a lọ.