Ẹ̀gà Lẹ́yìn Àkọ́rọ̀ Òjò: Ohun Tó Ń Ṣẹlẹ̀ Lórí Ọ̀pẹ Ẹ̀yìnkùlé

Bí àkọ́rọ̀ òjò bá ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì-mẹ́ta, igi kan lẹ́yìnkùlé á ṣàdédé di ọjà. Ó lè jẹ́ ọ̀pẹ ní Àkóbọ̀, ó lè jẹ́ igi àgbọn tó dúró ti ògiri ní Ìkòròdú. Ariwo ẹ̀gà ni. Àwọn àgbà ní èdè ẹnu ẹ̀gà ni ẹ̀gà ń sọ, a ní ó ń pàtótó. Ẹni tó bá fara balẹ̀ wo igi náà fún ọ̀sẹ̀ kan á rí i pé ètò wà nínú ariwo yẹn, àti pé àwọ̀ ewé ló ń darí ètò náà.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí ojúmọ́ ṣe ń gùn sí i lẹ́yìn òtútù ni ẹyẹ fi ń mọ̀ pé àsìkò ẹyin ti dé. Lọ́dọ̀ tiwa, gígùn ojúmọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Òjò ni àmì. Òjò ló ń mú ewé tútù yọ, òun náà ló ń mú kòkòrò tí wọ́n á fi bọ́ ọmọ pọ̀.

Akọ ló ń kọ́lé. Orí rẹ̀ dúdú, ara rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè, ojú rẹ̀ pupa bí iyùn. Á bà lé ewé ọ̀pẹ, á fi ẹnu gé etí rẹ̀, á di ibi tó gé mú, á sì fò lọ. Fífò yẹn ló ń fa ewé ya gbọọrọ. Ìdí nìyí tí imọ̀ ọ̀pẹ fi ń ku ọ̀wá nìkan, tí inú onílé sì máa ń bí.

Òrùka ló kọ́kọ́ ń hun. Inú òrùka yẹn ló máa ń padà wá dúró sí títí ilé á fi parí: ibi tí ẹnu rẹ̀ bá nà dé níwájú ni yàrá ẹyin ń mọ, lẹ́yìn náà ni yóò hun ọ̀ọ̀dẹ̀ sódì kejì, tí ẹnu ọ̀nà á kọjú sílẹ̀. Ẹnu lásán ló fi ń ki ewé bọ inú, tó ń yọ ọ́, tó sì ń ta á ní kókó. Iṣẹ́ ọwọ́ tó jọ èyí kò pọ̀ láàárín ẹyẹ.

Nígbà náà ni akọ á rọ̀ dorí kodò lẹ́nu ọ̀nà, á máa ju ìyẹ́ pìpì, á máa ké. Abo kan á wá wo ilé. Á wọlé, á fi ẹnu fa inú rẹ̀ wò. Bó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á tẹ́ ẹ pẹ̀lú orí koríko àti ìyẹ́. Ṣùgbọ́n ilé tútù ni abo ń fẹ́. Ewé tútù rọ̀, ó sì yi. Èyí tó ti gbẹ ń ṣẹ́. Bí ilé bá wà bí ọ̀sẹ̀ kan láìrí abo, tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá, akọ fúnra rẹ̀ á tú u, á sì hun òmíràn síbi kan náà. Nítorí náà, ìtẹ́ tí a ń gbá nílẹ̀ láàárọ̀, tí a máa ń sọ pé atẹ́gùn ló já a, lọ́pọ̀ ìgbà ẹni tó hun ún ló já a.

Ẹyin náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ti abo kan lè funfun, ti èkejì lè jẹ́ àwọ̀ ewé tàbí kó ní tótòtó, ṣùgbọ́n irú kan náà ni abo kọ̀ọ̀kan ń yé. Ẹyẹ Diederik, ìbátan ẹlúlùú, máa ń yé ẹyin sínú ìtẹ́ ẹ̀gà. Bí abo ẹ̀gà bá rí ẹyin tí kò jọ tirẹ̀, á jù ú síta. Ó ti lé ní 200 ọdún tí wọ́n ti kó ẹ̀gà láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà dé erékùṣù tí Haiti wà, níbi tí kò sí Diederik. Lọ́hùn-ún, ẹyin inú ìtẹ́ kan náà kò jọra tó ti ilé mọ́.

Òwúrọ̀ ló dára jù láti wò wọ́n, láti ojú fèrèsé, kì í ṣe lábẹ́ igi. Kí a yan ìtẹ́ tútù kan ṣoṣo tí a ó máa wò, kí a kọ ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Abo á sàba fún bí ọjọ́ 12, ọmọ á sì lò tó bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nínú ìtẹ́ kó tó fò. Bí gbogbo agbo bá ké, tí wọ́n sì ṣí lọ lẹ́ẹ̀kan náà, kí a wo òkè dáadáa: àwòdì eléérú kan wà tí oríkèé ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ̀ síwájú, tó tún ń tẹ̀ sẹ́yìn. Ó lè rọ̀ mọ́ imọ̀ ọ̀pẹ, kó ki ẹsẹ̀ bọ ẹnu ọ̀nà tó kọjú sílẹ̀ yẹn, kó sì fa ọmọ jáde.